Orúkọ Bàbá Oníbàtà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Agosasa, lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa, orúkọ òkú kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wa lórí nílé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹbí fẹ́ pín oko àjogúnbá, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá lè dárúkọ baba ńlá rẹ̀ tó bá wọn ṣán oko náà kò ní ìpín níbẹ̀. Bàbá mi mọ orúkọ baba rẹ̀. Ti baba ńlá rẹ̀ ni kò mọ̀, torí Bàbá Oníbàtà ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn àgbà ẹbí tó mọ̀ ọ́n, àwọn gan-an ló ń béèrè.

Ìyá bàbá mi náà mọ̀ ọ́n, ó kàn kọ̀ láti sọ ọ́ ni. Ìyàwó ilé ni, ìyàwó kì í sì í pe bàbá ọkọ lórúkọ. Òun alára ló fún un ní Oníbàtà yẹn. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí.

"Kí n wá tìtorí oko ba ara mi jẹ́? Ẹ lọ bi ọmọ ilé."

Ẹ gbọ́ mi bí? Ọmọ ilé kan ṣoṣo tó kù, ìyẹn ọmọbìnrin tí Bàbá Oníbàtà bí gbẹ̀yìn, ilé ọkọ ló wà lódì kejì bọ́dà.

Bàbá mi ránṣẹ́ sí i, ìyá arúgbó náà sì wá sẹ́nu bọ́dà ní Ìdí-Ìrókò. Àwa dúró níhìn-ín, òun dúró lọ́hùn-ún, okùn àwọn ṣọ́jà wà láàárín. Bàbá mi kígbe pé kó ṣáà dárúkọ ọ̀hún. Ìyá náà ní òun ò lè máa pariwo orúkọ baba òun láàárín ṣọ́jà àti onífàyàwọ́, àfi kí òun wọlé, kí òun jókòó, kí òun sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Bàbá mi káwọ́ lérí. "Màmá, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé."

"A jẹ́ pé ká dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣí i nìyẹn."

Ó yíjú padà, ó lọ. Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Ẹbí ò dúró ní tiwọn. Wọ́n pín oko, wọn ò fún wa ní nǹkan kan.

Nígbà tí bọ́dà ṣí, ìyá náà dé lóòótọ́. Ó jókòó sórí ẹní, ó mu omi, ó dárúkọ baba rẹ̀ jẹ́jẹ́ toríkì-toríkì. Ẹ̀gẹ́ ẹlòmíì ti ga lórí ilẹ̀ wa nígbà náà. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Ayé ti yí padà, ìyàwó ń pe ọkọ lórúkọ báyìí, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń bínú sí i. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Nígbà tí mo relé ọkọ, gbogbo òkú ilé náà ni mo ń dárúkọ wọn fún àwọn ọmọ mi, ìyá ọkọ mi sì ní wọn ò kọ́ mi nílé. Mo gbà fún un. Oko olóko ni bàbá mi ro títí ó fi kú.