Òkúta Gba Òwú, Agbẹ̀bí Gba Kọnkéré

Ilé wó pa Àlájà Khawla níbi tó ti ń gbẹ̀bí. Òun ni agbẹ̀bí àdúgbò wa ní ìlú àtijọ́ Mosul. Lọ́jọ́ tí bàálù dé, gbogbo wa sá, ṣùgbọ́n ìrọbí ti mú ọmọbìnrin kan, kò sì ṣeé gbé. Nadhima, àbúrò Khawla, fà á láṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ǹbù ń já o!"

"Ṣé kí n ní kí ọmọ náà padà síbi tó ti ń bọ̀ ni? Máa lọ, mò ń bọ̀."

Nadhima kò tíì dé etí odò tí ilé náà fi dàwátì, tòun ti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ta ni nínú wa tí ọwọ́ obìnrin yìí kò kọ́kọ́ gbé? Èébú ló fi ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀: "Olórí ńlá, o fẹ́ pa ìyá ẹ ni?" Ìyá ọmọ a sì bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Ogun parí. Àwọn atúnlùúṣe dé. Wọ́n ń wú òkúta àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lára, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, wọ́n ń fi òwú wé e. Ẹ ò rí àánú lójú wọn bí! Nadhima lọ bá ọ̀gá iṣẹ́, Ẹnjiníà Muwaffaq.

"Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ bá mi wú u, ká kírun sí i lára, ká sin ín."

"Màmá, òkú kì í kánjú. Òkúta yìí ni àlejò ń bọ̀ wá wò."

"Ṣé òkúta ló gbẹ̀bí ẹ?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ló wá bá wa nígbà tó yá, tí kò lè gbójú sókè. Ó ní, "A rí i. A rí egungun ọwọ́ tó ṣì di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ọ̀gá ní àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì, ká da kọnkéré lé e."

Wọ́n dà á lé e. Wọ́n tẹ́ táìsì sórí rẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ilé tíì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Nadhima wọlé, ó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn tábìlì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀.

Muwaffaq ní, "Màmá, àga wà o."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ máa mu tíì ẹ."

Ọlọ́pàá méjì wọ́ ọ síta. Àwọn ayàwòrán tó wá síbi ìṣíde náà dúró títí ìyá arúgbó fi kúrò níwájú wọn, kí ó má ba ìran wọn jẹ́. Lára ògiri ilé tíì náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Mosul ti jíǹde. Ta ló jíǹde? Ṣé obìnrin tí ẹ rí, tí ẹ tún bò mọ́lẹ̀ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso wa, mi ò fẹ́ "ẹ kú ìrọ́jú" yín. Ta ló ní kí wọ́n da kọnkéré yẹn? Ẹ mú un wá sílé ẹjọ́, kí ó dúró níwájú Nadhima, kí ó tún un sọ. Kí ẹ sì fọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ fọ́ ọ báyìí, nígbà tí ẹni tí yóò sunkún lé e lórí ṣì wà láàyè.