Ọlọ Tí A Kì Í Lọ Ata Lórí Rẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni kí n kọ́kọ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá omi sínú ọsàn láìsí ẹni tó bá a pọn ọ́n, tó fi àwọ̀ oòrùn sínú gbòǹgbò tó ń hù nínú ẹrẹ̀, tó sì fún ìyá mi ní ọwọ́ tó mọ bí a ti ń pa méjèèjì pọ̀. Mo dúpẹ́ pé Ó dá ẹ̀mí mi sí di ọjọ́ tí mo lè jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé-kéwú ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ oore ènìyàn, yóò ṣòro fún un láti mọ oore Ọlọ́run. Oore ìyá mi ni mo fẹ́ sọ.

Ìfọ̀ ni à ń gbé nígbà náà, ní àwọn ọdún tó kù díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ilé wa kọjú sí mọ́ṣáláṣí, kò sì jìnnà sí ojú irin, tó bẹ́ẹ̀ tí ife máa ń gbọ̀n lórí tábìlì bí rélùwéè bá ń kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Bíríkìlà ni bàbá mi. Òun náà sì ni ládàánì tó ń pe ìrun, gẹ́gẹ́ bí bàbá tirẹ̀ ti ń pè é ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́dọ̀ wa. Ọ̀fun bàbá mi ni ẹ̀rọ. Bí ó bá dúró lórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, tó fi ọwọ́ bo etí, ẹni tó ń ti oko bọ̀ á gbọ́ ọ, ẹni tó ń palẹ̀ ọjà mọ́ á gbọ́ ọ. Ní oṣù ààwẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbé omi sílẹ̀ níwájú wọn, wọn á máa retí ohùn rẹ̀. Bí kò bá tíì pè é, kò sẹ́ni tó máa mu.

Kí ó tó jáde lọ pe ìrun Mọ̀gàríbì yìí, bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, ìyá mi ló máa ń fún un ní ohun tó máa fi ṣínu. Ọsàn àti atalẹ̀ pupa ni.

Ìyá ìyá mi ní Ìbàfò ló bù fún un nínú atalẹ̀ pupa náà nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ó gbìn ín sẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ. Bí a bá hú u, kò wu ojú; ó dà bí ìka ọmọ tó ti ń fi ilẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ á pọ́n fòò bíi pupa ẹyin. Àwọn ìbátan rẹ̀ ní ọ̀nà Mowé ló ń fi ọsàn ránṣẹ́ sí i nínú àpò, ọ̀nà oko ni wọ́n sì ń gbà gbé e wá.

Ìyá mi á fi ọ̀bẹ ha èèpo atalẹ̀ náà, á lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná, á lọ ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa lé e kí ó lè ki. Lẹ́yìn náà ni á fún ọsàn sí i, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, á fi asẹ́ yọ kóró kúrò. Oyin ló máa ń kẹ́yìn. Á wá dà á sínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan tó rì mọ́ inú yanrìn tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lẹ́, á ti tutù nini. Bàbá mi máa ń sọ pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé aṣọ tuntun wọ ọ̀fun. Àwọn èékánná ìyá mi kì í sì funfun nínú oṣù ààwẹ̀. Bí ó bá gbé ọwọ́ sókè láti ṣàdúrà, ìka rẹ̀ á máa tàn bíi wúrà.

Ọlọ méjì ló wà nílé náà. Ọ̀kan wà ní ilé ìdáná, ti gbogbo ilé ni, ata ni wọ́n ń lọ lórí rẹ̀. Èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, aṣọ funfun ni ìyá mi fi ń bò ó. A kì í lọ ata lórí ìyẹn láé. Ẹ mọ ohun tí ata lè ṣe fún ọ̀fun tó fẹ́ kígbe sí gbogbo ìlú.

Èmi ni mo máa ń tọ́ ọ wò. Àwọn àáfà wa sọ pé ẹni tó ń dáná lè fi orí ahọ́n kan oúnjẹ kí ó sì tu ú dànù, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní òun kò fọkàn tán ọ̀fun òun: “Ọ̀fun tí òǹgbẹ ń gbẹ, ṣé ó mọ̀ ọ́n tu ni?” Nítorí náà, èmi tí n kò tíì máa gbààwẹ̀ ni ahọ́n ilé. Ahọ́n Ilé gan-an ni wọ́n ń pè mí. Màá tọ́ ọ wò, màá ní, “Oyin kù díẹ̀,” tàbí “Ó ti tó, Màámi.”

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ kò tètè lọ. Bàbá mi sì ń bá ẹnì kan kọ́lé, ó ń po sìmẹ́ńtì láti àárọ̀. Eruku ọyẹ́ àti ti sìmẹ́ńtì pàdé lọ́fun rẹ̀, ohùn rẹ̀ há. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe ìrun dé ìdajì, ohùn náà sì já bí okùn kànga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró nítòsí ló gbà á parí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá kí wa. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀.

“Ládàánì, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ ká wo ti ìrọ̀lẹ́ òní ná. Bí ohùn bá tún kọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ wa yẹn máa pè é lọ, kí ẹ̀yin sinmi.”

“Ẹ ṣé, bàbá,” ni bàbá mi wí. Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ní kó sinmi nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sábà pè é padà. Bàbá mi kò ní ohun mìíràn láyé yìí tó fẹ́ràn tó ìpè náà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni èmi náà mú láti gba ààwẹ̀ mi àkọ́kọ́. Mo ti bá wọn jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá mi sì ní, “Bí ó bá rẹ̀ ọ́, sọ fún mi. Ọlọ́run kì í fipá mú ọmọdé.” Kò rántí ọ̀rọ̀ ahọ́n ilé. Èmi náà kò rántí.

Télọ̀ kan wà tí a jọ ń gbé ilé kan náà, aláwàdà ènìyàn, tó ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí mo ti ń kọjá lọ́sàn-án, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

“Ta ni mo gbọ́ pé ó ń gbààwẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ! Ẹ wo ètè rẹ̀, bíi ti ewúrẹ́ tó jẹ eérú. Lọ mu omi nínú àmù jàre, mi ò ní sọ fún Ládàánì.”

“Ọlọ́run ń wò wá, sà.”

“Háà! Àáfà dé! Ó dáa, èmi náà á máa wò ọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.”

Télọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Ìyàwó náà kò tíì mọ ilé dáadáa. Lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán, nígbà tí ìyá mi ṣí aṣọ funfun kúrò lórí ọlọ rẹ̀, kóró ata ló rí, pupa ló bo gbogbo rẹ̀. Ìyàwó tuntun sáré jáde, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ń lo ti ilé ìdáná lọ́wọ́. Mo rí èyí, mo rò pé ti gbogbo wa ni. Mo sì dá aṣọ rẹ̀ padà sí i lórí.”

Mo ń retí kí ìyá mi pariwo. Ó wo ọlọ náà, ó wo ìyàwó.

“Dìde, ìyàwó. Ọlọ ni ọlọ lójú ẹni tí wọn kò sọ fún. Bu omi wá, ká jọ fọ̀ ọ́.”

Wọ́n fi yanrìn fọ̀ ọ́, wọ́n fi eérú àti kànìnkànìn bó o. Ó mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n òkúta ní ihò tí ojú kò rí, ata sì mọ ibi tó ń sá pamọ́ sí. Ọsàn tó kù nínú àpò kò pọ̀, ìgbà ọsàn ti ń lọ. Bí ata bá bà á jẹ́, kò sí òmíràn fún ọjọ́ náà.

“Ahọ́n Ilé, wá,” ni ìyá mi pè mí. “Fi ìka kan òkúta yìí, kí o tọ́ ọ wò.”

Mo dúró. “Màámi, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi.”

Ó wò mí. N kò ní jiyàn bí ó bá ní kí n tú u. Ọmọdé ni mí, ààwẹ̀ náà kò tíì di dandan lé mi lórí, ohùn bàbá mi sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Mo rí i pé ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

“Di ààwẹ̀ rẹ mú,” ló wí.

“Ká pe ọmọ ilé kejì,” ni ìyàwó sọ.

“Bí ata bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, pé mo fi ahọ́n ọmọ ọlọ́mọ dán iná wò?”

Ó da omi mímọ́ díẹ̀ sórí ọlọ, ó fi ọmọ ọlọ yí i káàkiri. Ó ti ìka bọ omi náà, ó pa ojú òsì dé, ó sì fi ìka náà ra ìpéǹpéjú rẹ̀. A dúró tì í. Láìpẹ́, omijé yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú náà, ó ń ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Yéè, Màmá!” ni ìyàwó ké.

“Ata ṣì wà níbẹ̀,” ni ìyá mi wí, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ṣú. “Bá mi mú àgbàdo gbígbẹ wá.”

Ó lọ àgbàdo náà lórí ọlọ, ó gbá ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù, ó tún lọ òmíràn, kí àgbàdo lè bá a fa ata jáde nínú àwọn ihò náà. Ó tún fi omi ṣan án. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ọ̀tún ló pa dé. Ìyàwó di ọwọ́ mi mú. Ojú ọ̀tún kò ṣe omi. Ìyá mi là á, ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín.

“Bísímílà. Ẹ gbé atalẹ̀ wá.”

Títí di òní, bí mo bá ń rántí ìyá mi, ìrísí yẹn ni mo máa ń rí: ojú kan pọ́n, ojú kejì mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ ọlọ láìkánjú. Nígbà tó kan oyin, ó gbé ìgò náà dání fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ahọ́n tó máa sọ fún un. Ó gbé e padà sílẹ̀.

“Oyin tó pọ̀ jù á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́fun,” ló wí. “Ó sàn kí ó kan. Ohun tó bá kan máa ń pe itọ́ wá.”

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Bàbá mi ti iṣẹ́ dé, ó wẹ̀, ó ṣàlùwàlá lóde. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ìyá mi na ife sí i láti ojú wíńdò tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi ṣàdúrà, ó gbé e mì. Mo rí i tí ojú rẹ̀ fún pọ̀, tí èjìká rẹ̀ gbọ̀n. Ìyá mi di igi wíńdò mú. Bàbá mi dá ife padà, ó gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí lọ. Bàbá àgbà tó wá láàárọ̀ ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

Ó fi ọwọ́ bo etí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ há díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì jáde. Ẹ̀ẹ̀kẹta là gbàgà. Rélùwéè ìrọ̀lẹ́ fọn fèrè lọ́wọ́ kan náà, ohùn bàbá mi sì gùn ún kọjá. Ìyá mi kò mu omi, kò jẹ èso dàbínù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn.

Nígbà náà ni mo tó mu tèmi. Ẹ gbà mí! Ó kan débi pé etí mi mì. Télọ̀ mu tirẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní, “Ìyá Àáfà, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa pe ìrun ni?”

Lẹ́yìn ìrun, bàbá àgbà náà bá bàbá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní, “Ládàánì, a ó pàdé lọ́la. Ẹ̀yin náà ni.” Ó kí ìyá mi, ó lọ.

Bàbá mi wọlé, ó jókòó. “Ìyá ọmọ mi, ọsàn òní mà kan o! Mo rò pé mo fẹ́ kú ni, àfi bí ọ̀fun mi ṣe là.” Ó wá wo ìyá mi dáadáa. “Kí ló ṣe ọ́ lójú?”

“Èéfín ni,” ni ìyá mi dáhùn.

Ìyàwó télọ̀ tó ń gbá ọ̀ọ̀dẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó di ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, tí ìyàwó yẹn ti di abiyamọ tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún bàbá mi. Bàbá mi ṣì ń pe ìrun nígbà náà.

Ìwọ tí o ka èyí dé ìparí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohùn rẹ já ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ń retí rẹ̀. Kí Ó fún ọ ní ẹni tó máa fi ojú ara rẹ̀ yẹ ọ̀nà wò kí o tó gbà á, tí kò sì ní fi ìnira rẹ̀ hàn ọ́. Kí omi tí o máa fi ṣínu tutù, kí ó sì dára fún ara rẹ. Àmín.