Àpò Ẹ̀yìn Verna Ledford

Ó lé lógún ọdún tí Verna Ledford fi dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú wa. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná yẹn ló ti máa ń wo àwọn tó gbé àpò pọ̀n kọjá, tí wọ́n ń lọ gba ọ̀nà orí òkè tó gbéra láti Georgia níbí títí dé Maine ní ìpẹ̀kun àríwá Amẹ́ríkà, ìrìn oṣù bíi mẹ́fà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun náà ń lọ.

Ó gbìyànjú lọ́dún tó kọjá, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ dá a padà kó tó kúrò ní Georgia. Dókítà kò fi epo bọyọ̀ fún un: bí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ju ìdajì àpò oúnjẹ adìẹ lọ, kó jókòó sílé, torí bí orúnkún náà bá tún yẹ̀, ọ̀pá ni yóò máa tì títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Oúnjẹ adìẹ ni mo ń tà, èmi ni mo sì ni òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni àpò Verna ṣe di ti ṣọ́ọ̀bù mi.

Àwọn tó ń rin ọ̀nà yìí máa ń ṣahun sí ìwúwo. Verna gé ìnura rẹ̀ sí méjì. Ó fi ayùn gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ kúrò. Doyle, ọkọ rẹ̀, tí sìgá ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, jókòó sórí àpò àgbàdo, ó ń wò ó.

“Verna, ṣé eyín lo fẹ́ fi ìyẹn fọ ni, àbí etí lo fẹ́ fi ro?”

“Fi búrọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀. Ìwọ tí o kì í fọ eyín ní Sátidé.”

“Ta ni mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ní Sátidé?”

Mo gbé àpò náà kọ́ òṣùwọ̀n. Kò kọjá ohun tí dókítà wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún gbé e wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ti wúwo sí i. A tú u sórí káńtà. Agolo ẹ̀wà wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Hámà wà nínú aṣọ òjò.

“Doyle,” ni Verna pè é.

“Béárì wà lórí òkè yẹn.”

“Ṣé kí n fi hámà kàn án mọ́gi ni?”

“Ẹ̀wà ńkọ́? Kí lẹ̀wà ṣe ọ́?”

“Béárì náà ló máa jẹ ẹ́. Á sì ní kí n bá òun kí ẹ.”

Mo sọ fún Doyle pé gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ fi ayùn gé, hámà yẹn nìkan ti jẹ ẹ́ tán.

“Arákùnrin Burl,” ló wí, “ìyàwó tiyín wà nílé.”

Lọ́jọ́ Àìkú tó kù díẹ̀ kó lọ, Verna gbé àpò náà pọ̀n lẹ́yìn ìsìn, ó gun òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti dán ara rẹ̀ wò. Èmi àti Doyle jókòó sínú ọkọ̀ mi nísàlẹ̀. Ó gùn ún dáadáa. Àmọ́ gígun òkè kì í pa orúnkún, sísọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sọ̀ bí alákàn, ó ń di igi mú.

“Kí ló ń ṣe é?” ni Doyle bi mí.

“Ẹrù ni. Kí lo tún kì sínú ẹ̀?”

“Agbada irin tí ìyá mi fi ń dín ẹyin. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo rò pé bó bá wúwo, á tètè padà wálé.”

Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń gòkè lọ bá a, ó ń mí gúlegúle, ó ń dúró, ó ń lọ. Èmi náà tẹ̀ lé e. Ó gba àpò náà lẹ́yìn Verna, ó fa agbada yọ, ó sì jókòó sórí koríko, ó gbé e lé itan.

Verna wò ó títí. “Mo rò pé mo ti darúgbó ni,” ló wí.

“Èmi ni mo fi í síbẹ̀.”

“Mo ti rí i. Bí mo bá gbé e lọ, kí lo fẹ́ fi dín ẹyin?”

“Mi ò mọ ẹyin dín.”

“Jẹ́ ká lọ sílé. Màá kọ́ ẹ kí n tó lọ.”

Ọjọ́rú ló gbéra, lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n mi ti jẹ́rìí sí i. Ní Sátidé mo yà sọ́dọ̀ Doyle. Ó ń dín ẹyin, abẹ́ ẹyin náà ti jó. Nínú ife ojú fèrèsé, ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí Verna gé wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti fọ eyín.

Ó ní Sátidé kọ́ lòní ni?