Wúrà Tó Wú Lórí Iná

Ariwo típà tó ń da yanrìn sílẹ̀ ló lé mi dìde lórí àga láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọmọ mi fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí ilé ká, odò kan lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ti wa yanrìn náà. Mo jáde láti bá dẹ́rẹ́bà jà pé ó dí mi lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ oòrùn ti bọ́ sórí òkìtì yanrìn náà, gbogbo rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, òmíràn pọ́n bíi wúrà. Ìjà kúrò lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà, n kò rí ibi jókòó sí mọ́. Mo ń yí òkìtì yẹn ká tàárọ̀ tọ̀sán, títí ìyàwó ọmọ mi fi bi mí bóyá òrùka mi ló bọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń tẹ yanrìn kọjá láìwo ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọnù fún yín.

Òkúta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa nígbà èwe mi. Apá kan rẹ̀ ti jẹrà débi pé ọmọdé lè fi èékánná wà á. Ibẹ̀ la ti ń rí nǹkan pẹlẹbẹ kan tó dúdú tó sì ń dán, tó ṣeé ṣí ní ìpele-ìpele bí ẹni ń ṣí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí òjò àti oòrùn bá ti fìyà jẹ pẹ́ á pàwọ̀ dà, á pọ́n dáadáa.

Ọmọ́wùmí ló kọ́kọ́ pè é ní wúrà. Ẹgbẹ́ mi ni, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá ìyá rẹ̀ nílé tó tẹ̀ lé tiwa. Yàrá kan ṣoṣo ni ìyá àgbà ní, ìyẹn ni ìyá Ọmọ́wùmí fi lọ ń ṣoko ní Kóta-Èkìtì, tó fi ọmọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ń ṣa wúrà wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “A á fi kọ́ ulé oníyàrá mẹ́rin, ìyá mi á sì padà wálé.” A kó o sínú agolo mílíìkì, a rì í mọ́ ìdí igi ọsàn, a sì búra pé ti àwa méjèèjì ni, ẹnì kẹta kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ní Sátidé kan tí ìyá àgbà lọ sípàdé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé agolo náà kaná kó lè yọ́, nítorí a ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe wúrà. Kò yọ́. Ó ń wú ni! Ó ń nà, ó ń ká, bí ekòló tí a da iyọ̀ sí lára. A sá jáde. Nígbà tí a padà wọlé, wúrà ìsàlẹ̀ agolo ti kún dé ẹnu. Ọmọ́wùmí kúnlẹ̀ nínú eérú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wúrà wa ń dàgbà.

Ẹnu mi tí kò ní ìdè ló bà á jẹ́. Ní Mọ́ńdè, mo mú díẹ̀ lọ fún tíṣà sáyẹ́ǹsì wa. Ó gbé e sókè níwájú kíláàsì, ó gbé àgbọ̀n sókè pẹ̀lú rẹ̀, ó béèrè pé, “Ta ló ni ín?” Mo rí ẹ̀rín tó ń bọ̀ létè rẹ̀, mo sì mọ̀ pé wúrà kọ́. Mo na ìka. Mo ní, “Ti Ọmọ́wùmí ni, sà.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ṣàlàyé pé bí a bá lu wúrà, á tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ eléyìí á ya ní ewé-ewé. Báyótáìtì lorúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú ìdílé máíkà. Irin inú rẹ̀ ló mú un dúdú. Bí omi bá bá irin náà, á dípẹtà, àwọ̀ á sì pọ́n. Omi yẹn kan náà á há sáàárín ewé rẹ̀, iná á sọ ọ́ di ooru gbígbóná, òun ló jẹ́ kó wú. Ó ní àbúrò rẹ̀ funfun ni wọ́n ń fi sínú áyọ́ọ̀nù kí iná mànàmáná má bàa gbé èèyàn; dúdú yìí, nítorí irin inú rẹ̀, wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń lọ̀ ọ́ mọ́ ọ̀dà ni. Ó sọ̀rọ̀ síwájú sí i, n kò gbọ́. Ẹ̀yìn ọrùn Ọmọ́wùmí ni mò ń wò, kò sì yíjú wò mí. “Ìyá Oníwúrà” ni wọ́n ń pè é títí a fi gba họlidé. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Kóta, kò sì padà.

Ojú ń tì mí títí di òní. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnì kan ti júwe ilé rẹ̀ fún mi níbi òkú, àmọ́ bí n kò bá sọ pé òjò ń bọ̀, màá sọ pé orúnkún ń dùn mí. Yanrìn yìí kò gba àwáwí. Ní Wẹ́sìdeè mo di díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo wọ ọkọ̀ èrò méjì lọ bá a. Ara mi kò balẹ̀ lójú ọ̀nà, obìnrin tó jókòó tì mí ní ṣé kò rẹ̀ mí. Wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹ̀yìn ilé wa tà, igi ọsàn ti kú, àmọ́ ìka tí mo nà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ́wùmí ń to iṣu níwájú ilé nígbà tí mo dé. Ó dá mi mọ̀ kí n tó lanu. Ó fún mi lómi, ó mú mi lọ wo oko ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ náà ń dán yinrinyinrin.

Ó ní, “Tíṣà ló kọ́ mi. Ó ní bí òkúta yẹn bá jẹrà tán, oúnjẹ uṣu ló ń dà. Ilẹ̀ tó bá ń dán báyìí ni mo máa ń wá. Ìwọ ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà ni?”

N kò gbọ́. Mo wẹ̀yìn wo ilé tí uṣu kọ́, yàrá mẹ́rin ni. Ó ní ìyá òun ló lo ti iwájú títí Ọlọ́run fi pè é.

Mo tú ọ̀rá sílẹ̀. Ó wò ó. Ó wá gbé àgbọ̀n sókè bíi ti tíṣà, ó ní, “Ta ló ni ín?”

Mo ní, “Ti àwa méjèèjì ni.”

Ó dà á sórí àwo, ó fi ìka pín in sí méjì, ó wá bù lára tirẹ̀, ó fi ṣe èènì fún mi.