Oògùn Tó Sọ Màmá Di Opó

Mo rántí àwọ̀ oògùn yẹn ju bí mo ṣe rántí ojú dókítà lọ: ó pupa bí bísáàpù, omi ìṣápá tí a ń mu. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fà á sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi lára nítorí jẹjẹrẹ ọmú, èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Màmá ni mo ń pè wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí ní yunifásítì Lomé, mo sì ń fi Faransé ńláńlá ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì fún obìnrin tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato kí ìyá mi tó bí mi. Màmá gbọ́ mi tán. "Ọmú ló ń dùn mí," ni wọ́n wí. "Kí ló dé tí gbogbo ara mi ń jẹ nínú ìyà rẹ̀?" Mo ní kí wọ́n sinmi.

Kò pẹ́ ni ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìjọba àwarawa. Ọjà tì, yunifásítì tì, sọ́jà gba ìgboro. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ablogamé ń di ẹrù, wọ́n ń sá lọ sí Cotonou. Ọkọ Màmá, tí kì í pa ìpàdé òṣèlú kankan jẹ, bá wọn lọ. Màmá ò lágbára ìrìn àjò, èmi náà ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀, la bá di adìẹ inú àgò. Yàrá gbóná, a ò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé, bí ìbọn bá sì dún lápá etíkun, a ó nà gbalaja sílẹ̀. Kò sí lẹ́tà, kò sí tẹlifóònù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń bínú sí ògiri.

Oògùn náà ṣe bí ẹni tó torí eku dáná sun ilé: ó kó gbogbo irun Màmá lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú, wọ́n tú gèlè, wọ́n lọ bu omi nídìí kànga. Obìnrin yàrá kejì rí orí tó ń dán. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, lọ́dọ̀ àwọn ará Lomé náà, opó ló ń fárí. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin agboolé ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà wa.

"Du courage, Màmá," ni wọ́n ń wí, bí ẹni ń kí opó kú ọ̀fọ̀.

"Ọkọ mi ò kú. Oògùn ni."

Wọ́n kàn ń mi orí ni, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnu ayé lẹbọ. Bí a bá kí ènìyàn kú ọ̀fọ̀ títí, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkú kiri. Láìpẹ́, mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ ọkọ wọn, tí wọ́n ń sunkún.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé òun ti rí ẹni tó lè fa oògùn tó kàn, Màmá kọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ," ni mo bẹ̀ wọ́n.

"Mo fárí fún ọkọ tó wà láàyè. Ṣé kí n tún máa fọwọ́ ara mi pe ikú fún un ni? Jẹ́ kí irun yìí hù ná."

Irun náà hù. Kókó inú ọmú náà sì ń dàgbà. Nígbà tí ọ̀nà là, ọkọ wọn dé pẹ̀lú àlàáfíà, wọ́n bá irun dúdú kúkúrú lórí ìyàwó wọn, àti ara tí kò lè dìde mọ́. A sin Màmá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń fi ọ̀rá wé irú oògùn pupa yẹn ní hóró tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí, kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè dé ibi tí jẹjẹrẹ wà kó tó tú. Kì í ṣe idán. Kì í wo gbogbo ènìyàn sàn, ṣùgbọ́n irun sábà máa ń dúró. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín bí aláìsàn bá béèrè ọ̀rọ̀ irun kó tó béèrè ẹ̀mí. Wọ́n ní kí ni ẹni tí ikú ń lé fẹ́ fi irun ṣe. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tí irun pa.