Ibi Tí Ìjàpá Bá Ń Lọ Ni Màámi Ń Lọ

Ẹni tó ra ilé wa ní Jikwoyi kò fi agbára lé wa. Ó kàn máa ń pè mí lórí fóònù, á kí mi dáadáa, á sì béèrè bóyá a ti rí ibi tí a ó gbé ọkọ̀ inú àgbàlá lọ. Ilé ti ṣófo. A ti kó bẹ́ẹ̀dì, àga àti ìkòkò lọ sí ilé mi. Ohun méjì ló kù níbẹ̀: ọkọ̀ bàbá mi àti ìyá mi.

Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí òkè rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá. Bàbá mi ti ń wà á kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ìjọba gbé iléeṣẹ́ wọn kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, òun ló gbé wa gba Lọ́kọ́ja wá. Màámi jókòó níwájú, ó gbé agolo epo pupa lé itan. Èmi wà lẹ́yìn, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti máa ń gba inú àga wọlé, mo sì sùn débi pé n kò rí odò. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò ṣíná fún un mọ́. A fi tapólì búlúù bò ó, a fi okùn dì í.

Ọjọ́ tí mo wá mú Màámi, orí àpótí ìdáná ni mo bá a, nínú pálọ̀ tí kò sí nǹkan kan mọ́.

"Mi ò kọ̀ láti bá ẹ lọ," ó ní. "Àmọ́ ibi tí Ìjàpá bá ń lọ ni mò ń lọ. Bó bá lè rìn, kó gbé mi lọ. Bí kò bá lè rìn, ẹ fi àwa méjèèjì sílẹ̀ níbí."

"Màámi, ilé ti di ti onílé."

"Ṣebí ó rí mi nínú ẹ̀ nígbà tó wá rà á."

Ìyá mi ti kọjá ẹni tí wọ́n ń fi ipá gbé sínú ọkọ̀. Mo sì mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dọ́gbọ́n gbé Ìjàpá fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀m, ó lè bá mi lọ, ṣùgbọ́n kò ní bá mi gbé. Yóò kàn máa jókòó sínú yàrá mi bí àlejò tó ń retí ọkọ̀.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ẹlẹ́rìí ni mo máa ń wá.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní Kwali. Bàbá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n ìyá wa yàtọ̀. Ìdí méjì ló wà nílé bàbá mi: èmi nìkan ni ọmọ Màámi, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì ni ọmọ ìyàwó kejì, ẹni tó ti padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn ẹbí ní kí a má tíì pín ogún, kí a dúró de àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Ìdúró náà pẹ́. Ẹ mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ogún tí a kò tíì pín, nítorí náà kò sẹ́ni tó tú tapólì yẹn. Nígbà tí a pín in nígbẹ̀yìn, èmi ni wọ́n fi Ìjàpá fún.

Àbúrò mi ká etí tapólì sókè, ó yọjú wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ̀ lẹ ní kí n wá wò ni àbí ajere? Ẹ jẹ́ ká pe àwọn onírin."

Màámi dáhùn láti ojú fèrèsé. "Mò ń gbọ́ ẹ o, tíṣà."

"Màmá Àgbà, ẹ má bínú. Mo ní ó rí bí ajere ni, mi ò ní kò dáa."

"Ajere náà wúlò ní ilé ìdáná."

Ẹlẹ́rìí kejì ni ọ̀gá páńẹ́lì bítà kan, ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ lù ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Kugbo. Ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ ló júwe rẹ̀ fún mi, ó ní ó mọ ọkọ̀ àtijọ́. Ó dé láàárọ̀ Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi kó tó wo ọkọ̀ rárá.

"Ẹ kú ilé, Ìyá wa."

"Kú àbọ̀. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ìkìrun, mà."

"Àwọn ará Ìkìrun, ṣé wọ́n máa ń purọ́ fún arúgbó?"

"A máa ń pa á díẹ̀díẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí irin."

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àbúrò mi gbé àpótí òun jáde síta, kí òun lè máa wò wá.

A tú okùn, a ká tapólì kúrò. Òórùn ilẹ̀ tútù àti ti aṣọ tó ti bu ló tú jáde sí wa. Ọkùnrin náà fi ìdí sukudíráfà gbá òrùlé, kọ̀n, kọ̀n, ó dẹ etí sí i. Ó gbá ilẹ̀kùn, ó gbá ìdérí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibi tí ọ̀dà ti ṣí.

"Bàbá yín tọ́jú ọkọ̀ yìí," ó ní. "Ìpẹtà òkè yìí, eré ni. A ó ha á, a ó kùn ún, ó tán."

Mo wo Màámi. Ó ti nà ró lórí àpótí rẹ̀. Ní ti èmi, mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí a ó ṣe gbé e gba ojú títì Nyanya lọ, tí àwọn ọlọ́kọ̀ yóò máa fọn fèrè kí wa.

Ọkùnrin náà wá ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Jáàkì ń ga, ọkọ̀ kò gbéra. Jáàkì ń wọ inú irin lọ bí ìka ṣe ń wọ inú ẹ̀bà.

"Kai," ni àbúrò mi sọ.

Ọkùnrin náà dáwọ́ dúró. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. A gbọ́ sukudíráfà tó ń gún irin, kò sì dún mọ́. Ìpẹtà ń já bọ́ sílẹ̀ bí eèpo ẹ̀pà. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ìsàlẹ̀ kò bá òkè mu," ó sọ fún mi. "Ọkọ̀ tí òjò bá bà jẹ́, òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí, ìsàlẹ̀ ló ti jẹ wá sókè. Bátìrì ńkọ́, Àǹtí? Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Omi rẹ̀ a máa jẹ irin."

Mo sọ fún un pé bàbá mi ti yọ bátìrì kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ó gbé àga ẹ̀yìn wò. Lóòótọ́, ibẹ̀ sàn ju iwájú lọ. Ó padà sí iwájú, ó di àga dẹ́rẹ́bà mú, ó fà á. Ìdí àga náà já sí i lọ́wọ́ bí igi tí ikán ti jẹ. Lábẹ́ rẹ̀ ni aṣọ jíjẹrà kan wà, ó ti lẹ̀ mọ́ nǹkan funfun líle kan tó tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ilẹ̀ àgbàlá hàn yí i ká.

Ó fi ìka ra nǹkan funfun náà, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́.

"Iyọ̀ ni. Ṣé Bàbá máa ń fi ọkọ̀ gbé iyọ̀ ni?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti wo ojú Màámi.

Iyọ̀ kì í ṣe àjèjì nínú àdúrà ilé wa. Wọ́n fi kan èmi náà lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Láàárọ̀ ọdún tuntun, bàbá mi á fi iyọ̀ kan ahọ́n gbogbo wa, á sì fi ìka méjì bù díẹ̀ sí ilẹ̀ ọkọ̀, á ní, "Ìrìn wa á dùn." Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, á gbá a dànù. Èyí tí mo ń wò yìí kì í ṣe ìwọ̀nba ìka méjì. Iyọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni.

Ìbéèrè tó kàn hàn gbangba: ta ló fi í síbẹ̀? Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè, ṣùgbọ́n n kò béèrè. Mo yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ṣé ó ṣe é tún ṣe?"

"Mo lè tún un ṣe. Gbogbo ìsàlẹ̀ yìí, màá gé e dànù, màá rọ òmíràn. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì á lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ iwájú dì mọ́ á lọ. Tí mo bá ṣe tán, á dúró, á sì rìn. Ṣùgbọ́n ohun tó máa kù nínú ọkọ̀ tí bàbá yín wà kò ní ju òrùlé lọ."

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" ni Màámi béèrè.

"Ìpẹtà ni, Màmá Àgbà," ni àbúrò mi sọ.

"Mo mọ ìpẹtà. Mo rí i tó fi nǹkan kan ahọ́n."

Ọkùnrin náà wò mí. N kò ní kó sọ, n kò sì ní kó má sọ. Ó ní, "Iyọ̀ ni, Ìyá wa."

Màámi ń fi ọwọ́ na etí ìró rẹ̀ lórí orúnkún.

"Èmi ni mo fi síbẹ̀," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má tíì pín ogún, ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí ilé tí ogún tú ká. Ilé bàbá mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àwọn ọmọ orogún ìyá mi, wọn ò kí ara wọn mọ́ títí ikú fi kó wọn tán. Mo ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ níbí. Tí oṣù tuntun bá ti lé, màá bu iyọ̀, màá dì í sínú aṣọ, màá ki ọwọ́ bọ abẹ́ tapólì, màá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, màá fi sábẹ́ ibi tó máa ń jókòó. Màá ní, 'Ìwọ lo ni wọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n jà.' Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti yọ́, màá tún fi òmíràn lé e."

"Kí ló dé tó jẹ́ inú ọkọ̀, Màámi?"

"Ibo ni kí n tún ti rí i? Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ sin ín sí. Yàrá ẹ̀, ẹbí ti tì í pa. Ibi tó máa ń jókòó nìkan ló kù fún mi."

Ó wá kọjú sí ọkùnrin Kugbo.

"Iyọ̀ mi ló jẹ ọkọ̀ ọkọ mi nìyẹn."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Iyọ̀ àti òjò ni, mà. Àti tapólì tí ò jẹ́ kí atẹ́gùn gbà kọjá. Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo."

"O ní ẹ kì í purọ́ lórí irin."

"Iyọ̀ ló ṣe púpọ̀ níbẹ̀, mà."

Màámi mi orí pé òun gbọ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi tù ú nínú, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi àti àbúrò mi ló ń wò.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jà bí?"

Àbúrò mi lóṣòó síwájú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ti tán lójú rẹ̀.

"A ò jà, Màmá Àgbà."

Òtítọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tí a pín ogún, ẹran orí iná kò tíì rọ̀ tí a fi parí. Àwọn àgbà ẹbí tó wá làjà kò rí ìjà kankan là. Wọ́n jẹun, wọ́n sì lọ. Àbúrò mi yìí ló dìde tó ní kí wọ́n fún mi ní Ìjàpá, nítorí èmi ni mo sùn nínú rẹ̀ jù.

"Ìjàpá ti jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an nìyẹn," ni Màámi sọ. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Màámi, ó ṣe é tún ṣe o. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ." Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ká ní ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, ǹ bá tún un ṣe.

"Mo gbọ́. Ó ní òrùlé ló máa kù. Òrùlé kọ́ ni mò ń kí lóṣooṣù."

Àbúrò mi pe àwọn onírin. Kí wọ́n tó dé, Màámi ní òun fẹ́ wọ inú ọkọ̀ náà. Ọkùnrin Kugbo ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún fún un, ó fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn náà ró kó má baà já. Màámi jókòó sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjá lọ, ó tẹ iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá. Kò gbé e kúrò.

"Màmá Àgbà," ni àbúrò mi sọ láti òde, ohùn rẹ̀ kò sì le, "ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi wà á nìyẹn."

"Dákẹ́. Bàbá ẹ ń wakọ̀."

A dúró yí i ká, ọkùnrin náà sì ń gbé ilẹ̀kùn ró, títí Màámi fi na ọwọ́ pé ká fa òun jáde.

Àwọn onírin gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. "Sànnu, Màmá," ni olórí wọn kí i. "Yauwa," ó dáhùn, ó sì ní kí wọ́n rọra. Wọ́n fi igi gbé Ìjàpá láti ìsàlẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ́ kù sílẹ̀, wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kò hu koríko kankan.

Nígbà tí mo wa ọkọ̀ mi jáde, ọkọ̀ akẹ́rù wà níwájú wa, òrùlé Ìjàpá sì yọ sókè láàárín àwọn irin tó kù. Màámi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Báyìí ni a ṣe tẹ̀lé e títí dé Kugbo, níbi tí wọ́n to àga àti bẹ́ẹ̀dì tuntun sí etí títì. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù tan iná ọwọ́ òsì, ó yà.

Mo dín eré kù. Mo rántí ohun tó sọ nínú pálọ̀ tó ṣófo yẹn.

"Ṣé ká tẹ̀lé e, Màámi?"

Ó fi ojú sìn ín títí àwọn àga fi bò ó.

"Rárá," ó ní. "Máa lọ sílé."