Ogójì Sátidé Tìṣà Sẹ́tónjí

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi tí orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà: Ìbídùn Gbọ́lágadé, Akọ̀wé. Ètò ẹ̀kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní ni, èyí tí àwa ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án etí òkun Badagry pawọ́ pọ̀ kọ láyé ìjọba ológun. Ẹni tó mọ̀ mí á ní kí n máa fi yangàn. Ẹni tó mọ ìtàn ìwé náà á bi mí pé Sẹ́tónjí dà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ èyí.

Ọmọ Ègùn ni Sẹ́tónjí, láti abúlé kan lódìkejì ọ̀sà tí ilé ibẹ̀ ò ju ogún lọ. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà nìkan ló ní, kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tèmi létí ìlú ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Láràárọ̀ ló máa ń kó àwọn ọmọ abúlé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, tí á wà wọ́n kọjá wá síléèwé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó fi ọwọ́ kan di bàtà mú, ó sì gbé àpò àgbọn kan sí èjìká. Mo rò pé àgbọn ló wá tà. Mo ní kó gba ẹ̀yìn lọ, nítorí a ò rajà níwájú kíláàsì. Ó kí mi dáadáa, ó ní tìṣà lòun. Èmi tí mo ti Èkìtì wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí olùkọ́ onípò kejì, ojú mi ga púpọ̀ nígbà yẹn. Kí n sòótọ́, kò tíì wálẹ̀ tán.

Ọdún náà le. Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ wà ní títì pa, a sì ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ àti ṣúgà. Ìwé tuntun ò dé ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, ṣọ́ọ̀kì pàápàá, a máa ń ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta ká tó lò ó. Ọ̀gá Sùnmọ́nù ló pe gbogbo wa jọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan láàárín ìlú ni wọ́n, àgbàlagbà tí ìdílé wọn ti ń ta aṣọ ní ọjà Agbalata láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní bí ìjọba ò bá rí wa, ká rí ara wa. Bí ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọlọ́wọ́ tiẹ̀ wá, òmíràn mú bébà, àwọn ará etí òkun mú gàrí àti ẹja yíyan wá fún oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé ìkọ̀wé mi dára, ẹnu mi náà kì í sinmi.

Iṣẹ́ méjì la gbé síwájú. A fẹ́ kọ́ àwọn tìṣà tí kò níwèé ẹ̀rí ní gbogbo Sátidé fún ogójì ọ̀sẹ̀, a sì fẹ́ kọ ètò ẹ̀kọ́ kan tó máa bá ọmọ tó ń sọ Ègùn nílé mu. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan gbà láti fọwọ́ sí ìwé ìparí ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá jókòó pé ogójì Sátidé. Èmi ni mo kọ òfin rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé apá méjì ni rẹ́jísítà máa ní, ọ̀kan fún àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan fún àwọn tó ń kọ́ wọn, àti pé ẹni tí kò bá níwèé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ sí lára àwọn tó ń kọ́ni. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Ó dùn ún gbọ́ létí.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Sẹ́tónjí jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. A ti kó ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ ládùúgbò ká lè fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ bí a ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò. Èmi ni mo dúró níwájú wọn. Mo fi igi tọ́ka sí pátákó, mo pariwo, mo lagùn, àwọn ọmọ náà kàn ń wò mí ni. Sẹ́tónjí dìde, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Ó da àgbọn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Ègùn, dopo, awe, atọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó wá mú wọn bọ́ sí ení, èjì, ẹ̀ta, ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń bá ara wọn jà nítorí ẹni tó ní àgbọn tó pọ̀ jù. Mo jókòó. Ojú tì mí, inú mi sì dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú náà ló pọ̀ jù.

Ọ̀gá Sùnmọ́nù ní kó máa dúró níwájú láti Sátidé tó ń bọ̀. Bó ṣe di pé òun ló ń kọ́ àwọn tìṣà mẹ́tàlélógún nìyẹn. Ètò ẹ̀kọ́ tí à ń kọ, tiẹ̀ ló jẹ́ bákan náà. Òun ló sọ fún wa pé àwọn ọmọ òdìkejì ọ̀sà kì í wá síléèwé lọ́jọ́ ọjà Agbalata, nítorí wọ́n ń bá ìyá wọn rẹrù, nítorí náà kò yẹ ká máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun lọ́jọ́ ọjà. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bínú sí àwọn ọmọ yẹn pé wọ́n ya ọ̀lẹ, kò wá sí mi lọ́kàn rí kí n ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọjọ́ iléèwé. A fi sínú ìwé, èmi ni mo sì fi ọwọ́ mi kọ ọ́.

Àmọ́ níbo ni orúkọ rẹ̀ máa wà? Kò jókòó mọ́, mo sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Kò níwèé ẹ̀rí, kò ṣeé kọ sára àwọn tó ń kọ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wá bá mi lẹ́yìn iṣẹ́, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá mo lè máa sàmì sí orúkọ òun níbì kan. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ lò ń kọ́ wọn, kí lo fẹ́ fi rẹ́jísítà ṣe? Ìpele kejì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, wàá jókòó nígbà yẹn." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì kó àgbọn rẹ̀ sínú àpò. Kò béèrè mọ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ogójì Sátidé náà ni ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ dín tìṣà kù. Gbogbo ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí ló máa lọ, àyàfi ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú irú rẹ́jísítà ẹ̀kọ́ bíi tiwa. Ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò máa dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Ọ̀gá Sùnmọ́nù fúnra wọn wá sílé mi. Wọ́n ò jókòó.

Wọ́n ní, "Ìbídùn, ṣé Sẹ́tónjí wá ní Sátidé àbí kò wá?"

Mo ní ó wá.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló wá?"

Mo ní ogójì ni.

"Kí wá ni rẹ́jísítà wà fún?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Kò jókòó ni. Ẹni tó bá jókòó ni òfin sọ."

Wọ́n ṣí rẹ́jísítà tó wà lórí tábìlì, wọ́n fi hàn mí pé àyè ìlà kan ṣì wà lábẹ́ orúkọ Ọládàpọ̀. Ọ̀kan lára àwọn mẹ́tàlélógún náà ni Ọládàpọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń sùn ní ìjókòó ẹ̀yìn, àmọ́ kì í pa Sátidé jẹ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí ìgbìmọ̀ bá rí ogójì àmì tí a fi bírò kan náà kọ lọ́jọ́ kan, wọ́n lè lé gbogbo àwọn mẹ́tàlélógún dànù. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an ló ń ṣe mí. Rẹ́jísítà yẹn ló wù mí. Rúlà ni mo fi fa gbogbo ìlà rẹ̀, kò sí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹrin títí dé ìparí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá Sùnmọ́nù wò mí títí, wọ́n ní ọwọ́ mi ni bírò wà, wọ́n sì jáde.

Mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ náà, ọ̀kan wọ aṣọ ológun. Èmi nìkan ni wọ́n pè wọlé. Bàbá kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń ṣí rẹ́jísítà náà ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ò rí irú èyí rí láti ọjọ́ tóun ti ń ṣe àyẹ̀wò kiri. Inú mi dùn, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ìyẹn. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ṣé gbogbo ẹni tó yẹ kó wà níbí ló wà níbí?"

Láti ojú fèrèsé, mo ń rí Sẹ́tónjí níta. Ó ń fi àwọn ọmọ ṣeré kí wọ́n má baà pariwo dí wa lọ́wọ́. Mo wo ẹni tó wọ aṣọ ológun. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lẹ́tà tí ìjọba fi dá Sẹ́tónjí dúró lẹ́nu iṣẹ́ dé kí oṣù yẹn tó parí. Àwọn mẹ́tàlélógún tó kọ́ níṣẹ́ kò kúrò níbi iṣẹ́ wọn. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì mọ́ Ọ̀gá Sùnmọ́nù, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọládàpọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé Sẹ́tónjí ò wá mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń wà wọ́n kọjá. Ìpele kejì tí mo ṣèlérí fún un kò wáyé. Bébà ò sí mọ́, Ọ̀gá Sùnmọ́nù sì fẹ̀yìn tì.

Ó tó ọdún méjì kí n tó lè kọjá lọ bá a. Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ nídìí iná, wọ́n ń se òróró àgbọn. Ó dìde, ó fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì kó tó ní kí n jókòó. Àwọn ọmọ ń sáré kiri létí omi, àwọn tó yẹ kó wà ní kíláàsì kẹta nígbà yẹn. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jọ láti oṣù mélòó kan, nígbà tó sì kù kí n sọ ọ́, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìlà tó ṣófo, ìbéèrè bàbá yẹn, ìdáhùn mi. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó ro òróró orí iná náà. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀. Ọ̀gá ti sọ fún mi tipẹ́. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹ ti wá báyìí." Ó ti igi sínú iná. "Mo kàn fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọládàpọ̀ yẹn, ṣé ó ṣì ń fi àgbọn bẹ̀rẹ̀ fún wọn?"

Pàṣán ni Ọládàpọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ láti kíláàsì tèmi.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni."

Ojú rẹ̀ tàn. Èmi tí mi ò lè fi bírò sàmì sí òótọ́ ogójì Sátidé, irọ́ yẹn ò gba àkókò kankan lẹ́nu mi. Ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó ṣa àgbọn wẹ́wẹ́ kún àpò kan, ó ní àwọn ti iléèwé á ti bàjẹ́, kí n bá òun kó wọ̀nyí fún Ọládàpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wà mí padà, ó sì gbé àpò náà lé mi lórí nígbà tí a gúnlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sí kíláàsì kìn-ín-ní. Ọládàpọ̀ gbé pàṣán sílẹ̀, ó yọjú wo inú àpò náà, ó sì bi mí bóyá mo ti ń ta àgbọn ni.